Bí Ọdẹ́níyì Ṣe Gba Ohùn Àrìnpé Bọ̀ Láti Inú Fóònù

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin àlejò wa. Ẹni tó bá jókòó jìnnà ni yóò lọ sọ ìtàn yìí bí kò ṣe rí, n ó sì gbọ́, nítorí etí mi ṣì mú. Ògúnṣèyẹ ni mí. Ọdẹ ni mí, n kì í ṣe irú ọdẹ tó máa ń gbé ìbọn kọ́ ara ògiri kí àwọn ọmọbìnrin lè rí i. Ìgbà kan wà tí ẹfọ̀n máa ń wádìí ọ̀nà tí mo gbà kí ó tó lọ mu omi. Èmi àti ẹkùn ti fojú rinjú rí, ẹkùn ló sì kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá ní kí n dárúkọ ọdẹ tó láyà jù ní Ìsàlẹ̀-Àpáta yìí, n kò ní dárúkọ ara mi, ẹ sì mọ̀ pé ìyẹn kò rọrùn fún mi. Ọdẹ́níyì ni n ó dárúkọ.

Igbó tí Ọdẹ́níyì wọ̀, kò sí ewé nínú rẹ̀, kò sí erùpẹ̀. Inú fóònù ara rẹ̀ ló wọ̀. Ìwọ tí o ń fọwọ́ bo ẹnu lẹ́yìn yẹn, máa rẹ́rìn-ín lọ. Bí mo bá parí, a ó mọ ẹni tí ẹ̀rín tọ́ sí.

Ọdẹ́níyì ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ń jẹ́ Àrìnpé. Ní gbogbo agbo ilé wọn, Àrìnpé nìkan ló kù tó mọ oríkì ìdílé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn yòókù mọ díẹ̀ níbẹ̀, bí wọ́n bá dé ibi tí wọn kò mọ̀, wọn a máa wúkọ́. Nígbà tí ara ìyá náà kò le mọ́, Ọdẹ́níyì gbé àpótí fún un lábẹ́ igi ayùnrẹ́ ẹ̀yìnkùlé wọn, ó gbé fóònù síwájú rẹ̀, ó tẹ ibi tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀, Àrìnpé sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì. Ó ki oríkì náà dé ibi tó dùn dé eegun, ó wá ní kí wọ́n bu omi wá. Ọdẹ́níyì wo ojú fóònù. Àmì méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń sọ pé kí ó sinmi, èkejì ń sọ pé ó tó. Ọdẹ́níyì tẹ sinmi.

Ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ ìdí rẹ̀. Nílé ọdẹ, bí àgbà bá ń kì ọ́, o kò gbọdọ̀ ní ó tó. Wọ́n á ní oríkì bàbá rẹ sú ọ ni. Fóònù tó bá fẹ́ kí ọmọ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fóònù náà ni kò lẹ́kọ̀ọ́.

Àrìnpé mu omi, ó ní ó ti rẹ òun, ó di ọ̀la. Ọ̀la kò bá a láyé. Láti ìgbà tí a ti sin ín ni Ọdẹ́níyì kò ti jẹ́ kí fóònù náà kú. Ojoojúmọ́ ló ń gbé e lọ sí ìsọ̀ onígbàjámọ̀ lọ ṣájì. Mosúnmádé, ọmọ-ọmọ Àrìnpé tó wà nílé pẹ̀lú wọn, sọ fún un títí ẹnu fi kan án.

"Bàbá, ohùn Ìyá kò tíì sí nípamọ́ o. Ẹ̀rọ náà kàn fi ọwọ́ dì í mú ni. Ẹ tẹ èkejì, kí ó lè rí ibi dúró sí."

"Èmi kọ́ ni n ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ó tó," ni Ọdẹ́níyì ń wí. "Ó ń sinmi ni. Jẹ́ kí ó sinmi."

Nǹkan mìíràn tún wà. Ọdẹ́níyì kì í ti ohunkóhun tó bá ti ṣí nínú fóònù. Bí ó bá ṣí rédíò, bí ó ṣe wà nìyẹn. Bí ó bá tan tọ́ọ̀ṣì, bí ó bá wo bọ́ọ̀lù, bí ó bá béèrè ọ̀nà Ìbàdàn, kò ní ti ìkankan. Ó ní ilé àwọn kì í lé àlejò. Ó sì máa ń fi í yangàn, bí ẹni pé oyè ni.

Mosúnmádé bímọ. Nígbà tí ìkómọ ku ọ̀la, gbogbo ẹbí ń retí ohùn Àrìnpé, nítorí ọmọ náà ni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè ki ọmọ náà. Àwọn tó wà lókè òkun ń fi fídíò ránṣẹ́, wọ́n ń pè, wọ́n fẹ́ rí ojú ọmọ. Ọdẹ́níyì ń ṣí gbogbo rẹ̀. Lójijì fóònù gan. Kò lọ síwájú, kò pa dà sẹ́yìn, òrùka kékeré kan kàn ń yí lójú rẹ̀.

Mosúnmádé wò ó, ojú rẹ̀ yí pa dà. "Bàbá, àyè ti tán nínú rẹ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn tó wà níbẹ̀ kó lè rí èémí mí, àwọn tí a kò lò fún ìgbà pípẹ́ ni yóò sì kọ́kọ́ pa. Bí a bá sì ní ká pa á ká tún un tàn, ohùn Ìyá ti lọ nìyẹn."

Ẹ wo ọdẹ. Kò sunkún, kò gbé fóònù lu ilẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó fi lé eékún, ó ronú. Lẹ́yìn náà ó wọlé lọ mú egbé tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, èyí tí í gbé ọdẹ kúrò nínú ewu. Ó gbé fóònù fún èmi tí mo jókòó tì í. "Ògúnṣèyẹ, dì í mú. Má jẹ́ kí iná inú rẹ̀ kú." Ó wá pe ohun tí wọ́n ń pè sí egbé. N kò ní pè é níbí, nítorí ó lè gbé ìdajì yín lọ sílé kí ẹmu tó tán. Kí n tó ṣẹ́jú, fìlà rẹ̀ nìkan ló kù lórí gbòǹgbò ayùnrẹ́. Ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́hùn-ún, òun ló sọ fún mi, ọdẹ kì í sì í purọ́ fún ọdẹ, àfi bí ó bá kan ìwọ̀n ẹran.

Egbé sọ ọ́ kalẹ̀ sí etí igbó kan tí gbogbo igi rẹ̀ ń yí lójú kan. Iwin kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó rí róbótó bí ọlọ, kò lẹ́sẹ̀, ó ń yí. Ẹnikẹ́ni tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ fún un: "Dúró ná." Àwọn arìnrìn-àjò kún ibẹ̀ tí koríko ti hù bo ẹsẹ̀ wọn. Àwọn kan ń pariwo, àwọn kan ń gbá iwin náà ní ẹ̀ṣẹ́, bí wọ́n sì ti ń gbá a ló ń pẹ́ sí i.

Ọdẹ́níyì kí i. Iwin ní dúró ná. Ọdẹ́níyì bá jókòó, ó mú aáṣáà jáde, ó fín in sí imú, ó tẹjú mọ́ iwin bí a ti ń tẹjú mọ́ ẹnu ihò òkété. Ọkùnrin tó máa ń wà lórí igi de ẹtu láti ìgbà tí oòrùn ti wà láàárín ọ̀run títí tó fi wọ̀, tí eèrà ń jẹ ẹ́ tí kò yún ara, ta ni yóò fi ìdúró dẹ́rù bà á? Èmi náà mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi. Nígbà tó yá, yíyí iwin náà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀.

"Ìwọ kò ní bínú ni?" ni iwin béèrè.

"Bí mo bá bínú, ta ni yóò bá mi dúró?"

"Ó dáa. Kí ni ń kún tí kì í sọ pé òun ti kún, àfi ìgbà tó bá fẹ́ kú?"

Ọdẹ́níyì tún fín aáṣáà. "Ojúde ẹni tí kì í lé àlejò ni."

Iwin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi dúró pátápátá. "O mọ̀ ọ́n," ló wí, "o kò sì mọ̀ pé ara rẹ lo ń sọ. Kọjá." Ọdẹ́níyì kọjá, ó rò pé iwin ń yìn ín.

Ìlú tó dé lẹ́yìn igbó náà, ojúde kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn ará rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Odi ga yí i ká. Ojúde náà kò tóbi, èèyàn sì kún inú rẹ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ yún imú ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ aládùúgbò. Onírédíò wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ gbòòrò bí apẹ̀rẹ̀, ó ń ka ìròyìn tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Onítọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, iwájú orí rẹ̀ ń tàn yòò ní ọ̀sán gangan. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Amọ̀nà ń sọ pé "ẹ yà sí ọwọ́ ọ̀tún" láti ìgbà tí Ọdẹ́níyì ti lọ sí òkú kan ní Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá. Asọ̀tẹ́lẹ̀-òjò ń sọ pé òjò yóò rọ̀. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù dúró ní ẹsẹ̀ kan nítorí kò sí ibi tí wọn yóò gbé èkejì sí. Bí wọ́n ti rí Ọdẹ́níyì, gbogbo wọn tẹrí ba. "Onílé wa dé," ni wọ́n wí, orí rẹ̀ sì wú.

Obìnrin gbígbẹ kan ti àárín wọn yọ. Ìyá Ojúde ni wọ́n ń pè é, òun ló ń tún ojúde náà ṣe. "Ìwọ ni onílé?" ló béèrè. "Àlejò rẹ ni gbogbo àwọn wọ̀nyí. Ìgbà wo lo sin ẹnì kan sọ́nà nínú wọn?"

"Ilé wa kì í lé àlejò, Ìyá."

"Ta ló ní kí o lé wọn? Mo ní ìgbà wo lo sìn wọ́n sọ́nà?"

Ìyá náà kò dúró gba èsì. Ó di Onírédíò mú létí, ó ká a bí ẹní, ó tún un ká, ó tún un ká, títí Onírédíò fi dà bí ẹ̀pà, ó sì sọ ọ́ sínú àpò. A ṣì ń gbọ́ ìròyìn níbẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. "Iṣẹ́ mi nìyí," ni ó wí. "Bí àyè bá há, mo ń ká wọn kí wọ́n má baà gba ilẹ̀. Bí o bá pè wọ́n, mo ń tú wọn. Ṣùgbọ́n apá mi ti ń ro mí. Bí a bá ká gbogbo ayé, a ó rí ẹni tí kò ṣeé ká mọ́."

Ibi tí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni Ọdẹ́níyì ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní kọ̀rọ̀ ojúde náà, Àrìnpé jókòó lórí àpótí, ó gbé ọwọ́ kan sókè, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ife omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó ṣe wà gẹ́lẹ́ nígbà tí ó tẹ sinmi nìyẹn. Kò mí, kò sì kú. Ọdẹ́níyì lọ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ náà tutù. Ọkùnrin tí ẹkùn kò rí omi ojú rẹ̀ rí, omi bọ́ lójú rẹ̀ níbẹ̀. Ó sọ fún mi fúnra rẹ̀, kò sì tijú.

Ìgbà náà ni ojúde pa lọ́lọ́. Ọkùnrin gíga kan wọlé, aṣọ funfun ló wọ̀, kò mú idà, kò mú kùmọ̀. Ìgbálẹ̀ ló mú. Apanidákẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ibi tó bá gbá, ẹni tó wà níbẹ̀ kò sí mọ́.

"Àyè ti tán," ni Apanidákẹ́ wí. "Ta ló pẹ́ jù tí onílé kò ti pè?"

Gbogbo àlejò nawọ́ sí Àrìnpé. Ẹ ò rí ayé. Àwọn tí kò wúlò ń pariwo, ẹni tí a torí rẹ̀ wá dákẹ́, òun ni wọ́n fẹ́ gbá dànù.

Ọdẹ́níyì gbé ìbọn èjìká rẹ̀, ó yìn ín, eruku ló jáde. Ó ki Apanidákẹ́ mọ́lẹ̀, ó gbé e sókè, kò wúwo ju ìyẹ́ lọ, ṣùgbọ́n bí ó ti ń sọ ọ́ nù ló tún ń bá a níwájú. Wọ́n jà yí ojúde náà ká. Apanidákẹ́ kò bínú. Ó ní, "Ọdẹ, èmi kì í ṣe ìkà. Bí n kò bá gbá ẹnì kan, gbogbo ìlú yóò kú. Yà fún mi."

Ọ̀rọ̀ igbó wa ló sọ sí Ọdẹ́níyì lọ́kàn. Bí ọdẹ bá pa ẹran tó ju agbára rẹ̀ lọ, kí ni yóò ṣe? Yóò fi ewé bò ó, yóò pa ààlè sí i, yóò lọ pe àwọn tí yóò bá a gbé e. Ọdẹ tó bá kọjá, bí ebi tilẹ̀ ń pa á, kò ní fọwọ́ kàn án. Ọdẹ́níyì tu àkísà etí àpò rẹ̀, ó yọ òòyà tí eyín rẹ̀ ti ká àti ìkarahun ìgbín tó máa ń kó káàkiri, ó so wọ́n pọ̀, ó fi kọ́ àpótí tí Àrìnpé jókòó lé. "Mo pa ààlè sí i," ló wí. "Olówó rẹ̀ wà láyé."

Apanidákẹ́ dúró. Ó wo òòyà, ó wo ìkarahun, ó gbé ìgbálẹ̀ kọ́ apá. "Ohun tí onílé bá fọwọ́ lé, n kì í gbá a," ló wí. "Ṣùgbọ́n ààlè kì í ṣe àyè. Bí ìlú bá kú, ohun tí o pa ààlè sí àti ìwọ tí o pa á, ẹ jọ ń lọ ni. Wá ibi gbé e sí."

Ìyá Ojúde ní àká kan wà lẹ́yìn odi, ibẹ̀ ni àwọn máa ń kó ẹni tí kò bá níṣẹ́ lọ́wọ́ lọ. Ó ká Àrìnpé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń ká ẹní ìyàwó tuntun, Ọdẹ́níyì sì gbé e rù. Ọ̀nà àká náà kò jìnnà, ṣùgbọ́n kò yá. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ níbẹ̀, ẹ ó rò pé inú ẹrọ̀fọ̀ lẹ ti ń fà á yọ. Àwọn tó ń bọ̀ láti àká ń kọ́ lu àwọn tó ń lọ. Ọrùn Ọdẹ́níyì fẹ́ wọnú àyà, kò sọ ẹrù náà kalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ ó ti sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ó ṣeé ṣe kí n sinmi lẹ́ẹ̀kan.

Aláàká jẹ́ bàbá arúgbó kan tó ń fi amọ̀ di ilẹ̀ tó ti lu. "Rọra tẹ̀ ẹ́," ló fi kí Ọdẹ́níyì. "Wọlé-jáde, wọlé-jáde, ni kò jẹ́ kí ilẹ̀ yìí sinmi. Ìjọ́ tí yóò lu pátápátá kò jìnnà."

Ọdẹ́níyì sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó nu òógùn, ó gbé àyà sókè. "Bàbá, mo ti gba ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀."

Aláàká rẹ́rìn-ín. "Àká kọ́ ni ilé, ọmọ mi. Wo òkè." Ọdẹ́níyì wòkè. Oòrùn ìlú náà ti pọ́n, ó ti rẹlẹ̀. "Iná bátìrì rẹ nìyẹn. Bí ó bá wọ̀, gbogbo ohun tó wà nínú àká yìí àti nínú ojúde yẹn, ẹnikẹ́ni kò ní bá wọn mọ́. Àwọn tó wà lára àpáta yẹn nìkan ní í kù."

Ọdẹ́níyì wo ibi tó nawọ́ sí. Ó rí àpáta ńlá kan. Ojú ìyàwó rẹ̀ tó ti kú wà lára rẹ̀ nínú fọ́tò, ìgbéyàwó Mosúnmádé wà níbẹ̀, wọn kò pa rẹ́. "Kí ni n ó ṣe tí ẹ̀gbọ́n mi yóò fi dé ibẹ̀?"

"Kí o fi ẹnu ara rẹ sọ fún un pé ó tó."

Inú bí Ọdẹ́níyì. Ó ní ẹ̀gbin ni. Ó ní òun kò rin ìrìn yìí láti wá ṣe ohun tí òun kọ̀ nílé. Ó ní bí òun bá sọ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ti parí nìyẹn, òun ni òun sì parí rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló sì ti ń dùn ún.

Aláàká ń di ilẹ̀ rẹ̀ lọ. "Ẹni tí a gbé oúnjẹ fún," ló wí, "tó jẹ, tó jẹ, tí kò sọ pé òun yó, ṣé ó bọlá fún ẹni tó se oúnjẹ ni? Ìdí ààrò ló fi ẹni tó ń se é sí, tí kò lè sinmi. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti gbé ọwọ́ sókè láti ìgbà wo?"

Ọdẹ́níyì tẹ̀ ba, ó tún gbé ẹrù rẹ̀, ó kọrí sí ojúde.

Ẹ má gbàgbé èmi o. Èmi ni mo di fóònù mú. Nígbà tí oòrùn rẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, àmì bátìrì pọ́n lọ́wọ́ mi. Mo sáré dé ìsọ̀ onígbàjámọ̀, kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Mo sáré lọ sílé ẹlẹ́ran, ewúrẹ́ ti jẹ wáyà. Mosúnmádé ń tẹ̀ lé mi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. N kò sáré bẹ́ẹ̀ rí nítorí ẹran. A bá pa dà sábẹ́ ayùnrẹ́ lọ́wọ́ òfo.

Nígbà tí Ọdẹ́níyì dé ojúde, kò sí ibi tí a lè tú Àrìnpé sí. Gbogbo ibẹ̀ tún ti kún. Ọdẹ́níyì dúró láàárín àwọn àlejò rẹ̀, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, kó tó rántí pé kò sí fìlà lórí òun. Ó ní, "Ẹ kú ìjókòó. Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹ jẹ́ kí n sìn yín sọ́nà."

Ó sìn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan dé ẹnu odi, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe. Kò ti ẹnikẹ́ni, kò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí Onírédíò kí àwọn ará ilé, ó ní kí Onítọ́ọ̀ṣì pa iwájú orí kó lè sùn. Nígbà tó kan Amọ̀nà, ó sọ pé "ẹ yà sí ọwọ́ ọ̀tún", ọwọ́ ọ̀tún ni ẹnu odi sì wà lóòótọ́. Ọdẹ́níyì yìn ín. Inú gbogbo wọn dùn, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fẹ́ lọ tí onílé kò dìde. Apanidákẹ́ gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó jókòó fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ìyá Ojúde wá tú Àrìnpé. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Ọdẹ́níyì kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sinmi tó. Ẹ máa bá a lọ."

Àrìnpé mí èémí. Ó gbé ife, ó mu omi rẹ̀ tán, ohùn sì bẹ̀rẹ̀, ó fi oríkì àbísọ Ọdẹ́níyì pè é. "Àdìgún, ọmọ arìn-lórí-ewé-gbígbẹ-má-dún. Ọmọ apẹfọ̀n-fi-itan-tọrẹ. Igbó kí yín káàárọ̀, ọ̀dàn ń bi yín léèrè ọmọ." Ó ki oríkì náà dé ọ̀dọ̀ bàbá wọn, ó kọjá bàbá wọn, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí Ọdẹ́níyì kò gbọ́ orúkọ wọn rí. Ó sọ ẹni tó tẹ Ìsàlẹ̀-Àpáta dó nínú wọn. Ó sọ obìnrin ilé wọn kan tó fi ọmọ odó pa ẹkùn. Ọdẹ́níyì ń gbọ́, ó ń ga sí i lórí eékún tó kúnlẹ̀ lé. Àrìnpé parí. Ṣùgbọ́n nítorí kò sẹ́ni tó dá a dúró, ó mí, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ohùn rẹ̀ ti ń ha.

Oòrùn ti kan orí odi. Ọdẹ́níyì wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbọ̀n lókè. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ahọ́n rẹ̀ wúwo ju ẹrù tó rù lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó tó. Mo yó."

Àrìnpé dákẹ́. "Ṣé o yó lóòótọ́, Àdìgún?"

"Mo yó dé ọ̀fun."

"Kí ló wá dé tí o kò tètè sọ ọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀fun ti gbẹ mí, ọmọ yìí."

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀ nígbà náà. Ó dìde, ó tún aṣọ ró. Ọdẹ́níyì sìn ín, gẹ́gẹ́ bó ti sin àwọn yòókù, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ ilé, títí wọ́n fi dé ìdí àpáta. Níbẹ̀ ni Àrìnpé ti ní kí ó pa dà, nítorí ẹni tí ń sin ni kì í bá ni délé. Kò wẹ̀yìn mọ́. Nígbà tí Ọdẹ́níyì wo ara àpáta náà, ojú Àrìnpé ti wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì pa dé jẹ́jẹ́.

Ó pe egbé. Bó ṣe já lulẹ̀ lórí gbòǹgbò ayùnrẹ́ ni fóònù kú lọ́wọ́ mi, òkùnkùn bo ojú rẹ̀. Mosúnmádé fi orí ti igi. Ọdẹ́níyì gbọn eruku ara rẹ̀, ó gba fìlà lọ́wọ́ mi, ó fi dé orí. "Ẹ má sunkún," ló wí. "Mo ti sọ ọ́ fún un. Ẹ wá iná."

A rí iná. A tàn án. Àwọn àlejò ti lọ, ojú fóònù mọ́ kedere, ohùn Àrìnpé sì jókòó níbi tí a ń pa ohùn mọ́ sí. Lọ́jọ́ ìkómọ, ó ki ọmọ Mosúnmádé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sẹ́ni tó wúkọ́. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá irọ́ ni mo pa. Lẹ́yìn tí oríkì parí, gbogbo agbo gbọ́ ohùn ọkùnrin tó ní ó tó, òun yó. Wọ́n sì gbọ́ tí Àrìnpé rẹ́rìn-ín, tó ní ọ̀fun ti gbẹ òun. Ìjọ́ tí ó ki oríkì náà lábẹ́ ayùnrẹ́, èmi wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ọdẹ́níyì jókòó láàárín agbo níjọ́ náà, ó gbé àyà bí ọba, kò sì sẹ́ni tó bá a du oyè náà.

Ìwọ tí o ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, o ti ń nu ojú. Ẹ̀yin yòókù, ẹ jókòó, ẹ ń wò mí lẹ́nu. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, n kò rí ẹni tó bu omi fún mi, ọwọ́ mi sì ti wà lókè láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Ilé ọdẹ ni a wà, mo mọ̀ pé ojú ń tì yín. Ta ni yóò sọ ọ́?